Òkìtì Ìkaraun Létí Omi Ọ̀jọ́

Mọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì 2025

Ẹnu mi ti kó bá mi. Ìṣáwùrú ni mo lọ rà létí omi lọ́jọ́ Fráídè, kí n fi se ọbẹ̀ fún Bàbá Peace, ni mo bá àwọn wolé-wolé níbẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀túndé, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ páànù àgọ́ tí àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń se ìṣáwùrú ti ń dáná. Ìwé náà sọ pé òkìtì ìkaraun ẹ̀yìn àgọ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Épírì tó pé. Bí òkìtì kò bá kúrò, àwọn obìnrin náà ni yóò kúrò. Eṣinṣin, òórùn, eku, gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mi ò lè purọ́.

Òkìtì yẹn ga ju Beatrice lọ, Beatrice ò sì kúrú. Ọmọ Ègùn ni, òun ló máa ń ta ìṣáwùrú fún mi, ó máa ń fi ènì sí i dáadáa. Ó bú sẹ́kún. Ìyá Bàṣírù tó dàgbà jù láàárín wọn, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, tó ti ń se ìṣáwùrú níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ wà láyé, kò sunkún ní tirẹ̀. Ó kàn ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo àlejò tó wọlé tí kò kí ni.

Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu. Mo ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ìkaraun yẹn, nǹkan gidi ni. Màá bá yín sọ ọ́ di ọjà." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀túndé náà yíjú, ó ní, "Màmá, kí lorúkọ yín?" Mo ní Bímpé Dàda. Mo fi kún un pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, Bàbá Peace ní, "Bímpé, ọbẹ̀ ni mo ní kó o lọ wá, ìwọ wá ru ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ bọ̀." Mo ní kó jẹun rẹ̀. Ohun tí mo sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ó ku kí ọwọ́ ṣe ohun tí ẹnu ti sọ.

Wẹ́sídeè, 19 Fẹ́búárì

Mo to ìkaraun márùn-ún sórí àwo, mo kán fínígà sí wọn; èyí tí kálísíọ̀mù bá wà nínú rẹ̀ á hó. Gbogbo wọn hó. Mo mọ̀ pé wọn á hó, síbẹ̀ inú mi dùn bí ẹni tí kò mọ̀.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn obìnrin náà fojú ara wọn rí nìyí. A da ìkaraun sínú ìlàjì dúrọ́ọ̀mù, a fi èédú sí i lókè nísàlẹ̀, a fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. A dúró kó tutù. Ìkaraun tó dúdú bí ọ̀dà ti di funfun. Mo kó díẹ̀ sínú garawa, mo rọ omi lé e lórí, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí hó, ó ń rú èéfín.

Beatrice fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. "Ye! Madam, iná ò sí ńbẹ̀ o! Wetin dey boil am?"

Mo ní, "Láìmù nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́ja ń rà á fún odò ẹja wọn, àwọn tó ń kun ilé ń rà á. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o, ó ń jó ni." Ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tán ni mo fọwọ́ kàn án. Ìka méjì. Ìyá Bàṣírù bá mi fi omi pa á, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Àtọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Láàbù.

A fi èyí tó kù kun ògiri kan lára àgọ́. Ó funfun débi pé àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ dúró wò ó.

Túsìdeè, 25 Fẹ́búárì

Isaac, tí mo kọ́ níṣẹ́ ní láàbù títí ó fi di ọ̀gá níbẹ̀, ti bá mi yẹ sáńpù ìkaraun wò. Kálísíọ̀mù kábónéètì, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní, "Ma, ó mọ́ ju ti ilé-iṣẹ́ míì lọ." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ṣùgbọ́n láìmù kọ́ ló máa gbé òkìtì yẹn kúrò. Àpò èédú kan ti di ẹgbàárùn-ún náírà ní Ìyànà-Ìbà, dúrọ́ọ̀mù kan ń jẹ àpò kan àti ààbọ̀, òkìtì yẹn á sì tó igba dúrọ́ọ̀mù. Ká tó sun ún tán, wolé-wolé á ti bí ọmọ, á ti kó ọmọ jáde. Ohun tí kò gba iná púpọ̀ la nílò. Ohun náà ni oúnjẹ adìẹ. Adìẹ tó ń yé ẹyin kò lè ṣe láìní kálísíọ̀mù, òun ni èèpo ẹyin. Kí á fọ ìkaraun, kí á sá a, kí á yan án díẹ̀, kí á lọ̀ ọ́. Ó parí.

Fráídè, 28 Fẹ́búárì

Mo lọ sọ́dọ̀ Alájì Àtàndá ní Igbó-Elérin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta adìẹ ló ń sìn, ẹyin wọn sì ń fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kejìlá, gbogbo ẹni tó ń ra ẹyin ló mọ̀.

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Mádàámú, adìẹ mi kì í ṣe sítúdẹ́ǹtì tí ẹ máa fi ṣe práktíkà o."

"Ọgọ́rùn-ún péré ni, Alájì. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí nǹkan wọn bá burú, ẹ lé mi dànù."

"A máa lé yín lóòótọ́."

Àdéhùn wa ni pé ọgọ́rùn-ún adìẹ á jẹ ìkaraun wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ọjọ́ kẹwàá oṣù Máàṣì. Bí ó bá dára, òun àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin á gbé lọ́rì wá, wọ́n á kó gbogbo òkìtì náà. Gbogbo ẹ̀! Mo rìn láti ibẹ̀ dé ojú títì láìmọ̀ pé mo ń rìn. Ààwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ó ní kí n má pè é lọ́sàn-án.

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì

Ooru yìí ò ṣe é fẹnu sọ. A bẹ̀rẹ̀ sí fọ ìkaraun. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe é ní láàbù: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kànga ẹ̀gbẹ́ àgọ́, ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú, ẹ tún rẹ ẹ́, ẹ tún sá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ìdọ̀tí kankan má kù sínú ìwo rẹ̀.

Ìyá Bàṣírù ń wò mí. Ó ní, "Omi kànga yìí náà lẹ fẹ́ fi fọ̀ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má ṣahun omi, ìmọ́tótó ni olórí iṣẹ́ wa.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé." Mo gbà á bí ẹni gba oyè.

Tọ́sìdeè, 6 Máàṣì

Ọlọ́lọ méjì ní Òkokomáíkò lé wa. Èkíní ní ọlọ ata lòun ní, òun ò ní ọlọ òkúta. Èkejì kàn na ọwọ́ sí ọ̀nà. Ẹnìkẹta tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ló gbà, ó ní bí eyín ẹ́ńjìnnì òun bá kán, èmi ni màá rà á. Kò kán. Ó lọ̀ ọ́ kúnná bí gàárì Ìjẹ̀bú, bí adìẹ ṣe ń fẹ́ ẹ gan-an. Kìlógíráàmù márùndínlọ́gbọ̀n.

Beatrice bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. "So na dis thing we dey throw away."

Mọ́ńdè, 10 Máàṣì

Ọgọ́rùn-ún adìẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́. Alájì ní ṣé mo fẹ́ máa sùn tì wọ́n ni.

Fráídè, 14 Máàṣì

Wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé mo fi ẹran sí i. Mo kọrin nínú balùwẹ̀.

Wẹ́sídeè, 19 Máàṣì

Alájì pè mí lẹ́yìn ìṣínu. Kò kí mi.

"Mádàámú, kí lẹ fi sínú nǹkan yìí?"

"Ìkaraun ni, Alájì. Kò sí nǹkan míì."

"Ìgbẹ́ wọn ti di omi. Wọn ò ṣe méjì ju kí wọ́n mumi lọ. Èyí tó kù nínú ilé, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn ọgọ́rùn-ún tiyín nìkan ni."

Mo ní bóyá àìsàn ni. Mo ní Isaac ti yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kò lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa. Mo sọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè, bí mo ṣe máa ń bá àwọn tó fọ́ ìgò ní láàbù sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mo ti dá a dúró," ó pa fóònù.

Tọ́sìdeè, 20 Máàṣì

Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Gbogbo abẹ́ àgò wọn tutù rinrin, òórùn rẹ̀ ń gbé ni lójú. Alájì ò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ní, "Ẹ rí i fúnra yín."

Mo dé etí omi, mi ò lè sọ fún wọn. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló kù. Moṣọpẹ́ tó kéré jù nínú wọn ń ka orúkọ àwọn ọjà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí tà nígbà tí wọn ò bá lé wọn mọ́. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ.

Sátidé, 22 Máàṣì

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kí n kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé láé.

Ara mi ò gbélé, mo bá lọ sí àgọ́. Ófàrọ́ọ̀lù mi ti dọ̀tí, mo ní kí n kúkú fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Mo fa omi kànga, mo fi ọṣẹ sí i. Mo fọ̀, mo fọ̀, ọṣẹ ò hó. Ó kàn ń dì mọ́ mi lọ́wọ́ bí òrí. Mo fi kún un, kò hó. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Ìyá Bàṣírù ní, "Ìyá Láàbù, ta ló ń fi kànga yìí fọṣọ lóṣù Máàṣì? Omi iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ láti inú ọ̀sà. Àfi tí òjò bá rọ̀ tẹ́rùn kó tó jáde."

Mo dúró bẹ́ẹ̀. Mo bu omi náà, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Ní Ìkọ̀lé tí wọ́n bí mi sí, omi ni omi. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé Ìbà Housing Estate, omi bọọhóòlù ni mò ń lò, mi ò fa kànga etí omi rí. Mo ti rẹ ìkaraun sínú omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a lẹ́ẹ̀mẹta kí omi lè lọ, kí iyọ̀ lè jókòó sínú gbogbo ìwo rẹ̀. Mo ń pè é ní ìmọ́tótó! Bí mo bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá adìẹ ì bá má mọ̀.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo bi yín o. Mo ní ṣé omi kànga yìí náà. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Beatrice náà sọ̀rọ̀, kò wò mí lójú. "Madam, àwa rò pé salt yẹn dey inside the medicine ni. Adìẹ náà máa ń jẹ iyọ̀ now. Ẹ̀yin lẹ dé láti yunifásítì."

Mo jókòó sórí garawa. Mo wá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Igbó-Elérin fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ìyá Bàṣírù ní, "Ṣé adìẹ kan kú?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó ṣe é tún ṣe nìyẹn."

Mọ́ńdè, 24 Máàṣì

Isaac kán oògùn rẹ̀ sí omi tí a fi ṣan ìyẹ̀fun ìkaraun náà, ó funfun bíi mílíìkì. Iyọ̀ pọ̀ ńbẹ̀. Ó ní, "Ma, ẹ ò ní kí n wo iyọ̀ nígbà yẹn, kálísíọ̀mù lẹ ní." Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má wo ohun tí wọn ò bá ní kó wò.

Túsìdeè, 25 Máàṣì

Mo kúnlẹ̀ fún Alájì. Kò rò ó sí mi, ó sáré dìde. Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Iyọ̀ ni, omi tí mo fi fọ̀ ọ́ ni. Mo sọ fún yín pé kò lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa, irọ́ ni mo pa láìmọ̀."

Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó ba adìẹ mi jẹ́. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó padà wá sọ fún mi." Ó ní lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, òun á fún mi ní ọgọ́rùn-ún míì, ọ̀sẹ̀ méjì péré, láti ọjọ́ kẹta oṣù Épírì. Bí mo bá tún bà á jẹ́, kí n má wá mọ́, kódà láti kí òun.

Fráídè, 28 Máàṣì

Òjò ò rọ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé àpò ìkaraun kan wá sílé, kí n fi omi bọọhóòlù tiwa fọ̀ ọ́. Onímárúwá gba ìlọ́po méjì, ó ní òórùn rẹ̀ á bá àwọn èrò òun gbé. Kò purọ́.

Ìyáàfin Mobọ́lájí, aládùúgbò wa, yọjú lórí fẹ́ǹsì. "Ìyá Peace, ṣé a ti kó Estate lọ sétí òkun ni?"

Mo ní, "Ẹ fara dà á, ọjọ́ mẹ́ta péré ni."

"Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́la!"

Ṣé kí n kọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù? Bàbá Peace ló gbé àpótí jáde, ó jókòó ti abọ́ kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ìkaraun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń ráhùn bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Ó ní òun kò ka ìwé títí òun fi gba PhD nítorí kí òun lè wẹ̀ fún ìṣáwùrú. Kò dìde títí abọ́ náà fi tán.

Sọ́ńdè, 30 Máàṣì

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ìyá Bàṣírù fi ìrẹsì àti ẹran ránṣẹ́ sí wa, abọ́ ńlá. Ìyáàfin Mobọ́lájí bá wa jẹ níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ òórùn mọ́.

Túsìdeè, 1 Épírì

A fọ̀ ọ́ títí omi tó kẹ́yìn fi jẹ́ kí ọṣẹ hó kúṣúkúṣú. Bàbá Peace tọ́ ọ wò, ó ní, "Omi lásán." Mo gbé e lọ fún Isaac. Mo ní kó wo iyọ̀, kálísíọ̀mù, àti ohunkóhun tó bá tún wá sí i lọ́kàn. Ó kán oògùn rẹ̀ sí i, kò funfun.

Tọ́sìdeè, 3 Épírì

Ọgọ́rùn-ún adìẹ míì. Alájì kọ nọ́ńbà wọn sára ilẹ̀kùn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n máa lọ sílé.

Wẹ́sídeè, 9 Épírì

Mo pè é. "Alájì, báwo ni ìgbẹ́ wọn?" Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ń bi ọkùnrin ọlọ́kùnrin nìyí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó le.

Mọ́ńdè, 14 Épírì

Òjò! Òjò gidi, pẹ̀lú ààrá, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo wọ bàtà ròbà, mo sáré lọ sétí omi. Mo bá wọn nínú òjò tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà sílẹ̀ kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá, kó fọ iyọ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò rán wọn níṣẹ́. Mo ti ń bọ̀ wá sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, mo bá wọn nídìí ẹ̀, inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ. Èmi náà gba ṣọ́bìrì. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Tọ́sìdeè, 17 Épírì

Alájì fúnra rẹ̀ ló wá sí àgọ́, ó gbé kíréètì ẹyin méjì dání. Àwọn obìnrin náà pa sísè tì. Ó mú ẹyin láti inú ti àwọn adìẹ rẹ̀ tó kù, ó fi kan etí ìkòkò, ó fọ́ wẹ́rẹ́. Ó mú láti inú ti àwọn ọgọ́rùn-ún wa, ó fi kan etí ìkòkò, kò fọ́. Ó tún kàn án, ó fọ́, ó sì dún.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dún?" Ó ní tẹ́lẹ̀, méjìlá ló ń fọ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ yìí, mẹ́ta.

Lọ́rì á bẹ̀rẹ̀ sí wá ní Túsìdeè lẹ́yìn Àjíǹde. Bọọhóòlù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tóbi, ibẹ̀ ni a ó ti fọ ìkaraun kẹ́yìn, èmi ni màá máa yẹ omi wò. Beatrice gbé mi sókè. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì lè gbé mi sókè.

Mo wá sílé, mo sùn láti aago mẹ́rin.

Túsìdeè, 22 Épírì

Lọ́rì méjì. Òkìtì náà dà bí ẹni pé a ò fọwọ́ kàn án.

Tọ́sìdeè, 24 Épírì

Lọ́rì márùn-ún látàárọ̀ àná. Mo ti lè rí orí Beatrice láti òdìkejì.

Sátidé, 26 Épírì

Ó ti tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wàhálà tán. Òkìtì ti dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o ò dúró, wọ́n ń wà á lọ, torí pé ìkaraun náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì tún wà lábẹ́ ìyẹn. Awakọ̀ ní ó ṣì tó lọ́rì mẹ́ta.

Ìyá Bàṣírù fi ọwọ́ méjèèjì di igi ṣọ́bìrì mú. "Gbé e sílẹ̀. Ibi tó o dúró lé yẹn, ìyá mi ló dà á síbẹ̀. Ìyá tiẹ̀ ló da èyí tó wà nísàlẹ̀. Tó o bá kó o, omi á wọlé wá bá wa."

Awakọ̀ wò mí, pé kí n sọ̀rọ̀. Mo wo apá ọ̀tún àti apá òsì àgọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti se ìṣáwùrú rí. Ẹrẹ̀ ni. Mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ yìí láti Fẹ́búárì, mi ò bi ara mi léèrè ìdí tí bàtà mi ò fi rì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kànga, mo ti kọ́gbọ́n. Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí Màmá sọ. Ó parí síbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ìwé wolé-wolé sọ pé kí ìkaraun kúrò. Kò sọ pé ìkaraun ìyá ta ni. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Wẹ́sídeè, 30 Épírì

Aago mẹ́wàá ni wọ́n dé. A ti gbá gbogbo ibẹ̀, a ti fi láìmù kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀túndé yí àgọ́ po, ó wo ẹ̀yìn, ó wo inú ìkòkò, ó wo ibi tí a ń da omi ìdọ̀tí sí. Ó wá wo ilẹ̀.

"Màmá, ìkaraun ṣì wà nílẹ̀."

Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé, Ìyá Bàṣírù na ọwọ́ sí mi pé kí n sinmi. Ó fa ọkùnrin náà ní apá aṣọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú un dé ibi tí ìkaraun parí sí. "Ọmọ mi, gbẹ́sẹ̀ kan síbẹ̀ yẹn."

Ó gbẹ́sẹ̀. Bàtà dúdú tó ń dán náà wọnú ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó fà á yọ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń kán. Ó padà sórí ìkaraun, ó fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́ bó ṣe le. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Ilẹ̀ nìyí. N ò ní lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ilẹ̀." Ó fa ìwé tó lẹ̀ mọ́ páànù ya, ó mú ìwé ńlá kan jáde nínú báàgì. Ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀ àti iṣẹ́ wọn, kí ẹlòmíràn má baà wá lé wọn lọ́jọ́ míì.

Wọ́n ń pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Sẹ̀gilọlá lorúkọ Ìyá Bàṣírù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣáwùrú. Beatrice: ìṣáwùrú. Mosúnmọ́lá, Moṣọpẹ́, àwọn méjì tó kù. Ó ka mẹ́fà, ó fẹ́ pa ìwé dé.

Ìyá Bàṣírù ní, "Ó ku ẹnì kan."

Mo wo ẹ̀yìn kí n mọ ẹni tó pẹ́ dé. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Gbogbo wọn ń wo èmi.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀túndé ní, "Iṣẹ́ wọn ńkọ́?"

Beatrice ló dáhùn. "Ìkaraun."

Ó kọ ọ́ sí nọ́ńbà keje: Bímpé Dàda, ìkaraun. Mo sunkún níwájú wolé-wolé àti gbogbo wọn, ojú ò sì tì mí.